Àmì Ẹfun Lára Ìwọ̀

"Ọmọ wẹ́dà, ìwọ̀ mi dà?"

Ológbò, ọmọkùnrin kan ní kíláàsì ọmọbìnrin wẹ́dà, ni ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀sín. Géèmù tí ó fẹ́ràn jù, ti àwọn akọni àtijọ́, tí wọ́n fi okùn àti ìwọ̀ ẹlẹ́ẹ̀ka mẹ́ta ń gun odi láìjẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ gbọ́, ni ó sọ ọ́ ní orúkọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin wẹ́dà ń wò ó bí ẹni ń wo ejò. Òun ni ó ya àwòrán ìwọ̀ náà sínú ìwé rẹ̀. Ológbò jí ìwé náà, ó kọ orúkọ tirẹ̀ sí i, ó sì fi gba ẹ̀bùn ilé-ìwé. Nígbà tí ọmọbìnrin náà fẹjọ́ sùn, gbogbo kíláàsì ni ó fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọ̀la ni olè yìí yóò fi ìwọ̀ gidi, tí ó ní kí wẹ́dà jó fún òun, gun ògiri gbọ̀ngàn ilé-ìwé lójú gbogbo òbí.

"Padà wá tó bá ṣe díẹ̀. Màá fún ọ ní èyí tí ó tọ́ sí ọ."

"O ṣé o, ìyàwó irin!"

Bàbá rẹ̀ ní òfin kan: kò sí ìwọ̀ tí í jáde ní ṣọ́ọ̀bù náà àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá so rọ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èyí tí ojú ìjópọ̀ rẹ̀ bá là, yóò fi ẹfun fa àmì sí i lára, títí yóò fi ráyè tún un jó. Ọ̀kan wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin náà tutọ́ sí àtàǹpàkò, ó nu àmì náà nù, ó so okùn mọ́ ìwọ̀ náà, ó sì gbé e kọ́ ìṣó àwọn tí ó dára.

"Kí ó já bọ́ lójú ìyá rẹ̀," ni ó wí, inú rẹ̀ sì tutù bí omi àmù. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

"Ẹ gbà mí o! Atẹ́gùn ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ mi, kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé, ìkòkò sì wà lórí iná!"

Aránṣọ tí ń gbé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òdìkejì ni ó ń ké. Kí ọmọbìnrin náà tó sáré dé iwájú, bàbá rẹ̀ ti já ìwọ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù lọ, ó ti jù ú há ojú fèrèsé, ó sì ti gùn dé ìdajì.

"Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ìwọ̀ yẹn..."

Ìwọ̀ náà ṣẹ́. Wẹ́dà já lulẹ̀ gbì, ọwọ́ ọ̀tún tí ó fi ń jórin sì kán lábẹ́ rẹ̀.

Ológbò, tí ó ti padà dé, ni ó mú ìwọ̀ mìíràn lórí ìṣó, tí ó gun ògiri, tí ó sì ṣílẹ̀kùn láti inú. Gbogbo àdúgbò ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Wẹ́dà ń wo irin tí ó ṣẹ́ náà. "Mo fa ẹfun sí èyí. Ta ni ó nù ún?"

"Èmi ni, Bàbá. Ológbò ni mo dẹ ẹ́ sílẹ̀ fún."

Ẹ̀rín kú ní ẹnu Ológbò. Ó gbójú sókè wo fèrèsé náà.

Wẹ́dà fi ọwọ́ òsì yọ ẹfun nínú àpò rẹ̀. "Fà á padà."

Ọmọbìnrin náà fà á sára irin náà. Oṣù mẹ́ta ni ṣọ́ọ̀bù náà fi wà ní títì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, eérú ń tọ ẹni tí ó dà á. Ẹni tí ó bá gbẹ́ kòtò de ọ̀tá, kí ó rántí pé bàbá òun náà ń gba ọ̀nà yẹn kọjá.