Ariwo Táyà Òsì Iwájú

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe, etí mi ló sì dún sí. Ìwé tí mo kà ò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ irọ́ tí mo bá rí i. Èyí kì í ṣe irọ́. Ọ̀sán gangan ni. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ọmọ mi obìnrin, agbẹ̀bí ni. Ẹ bá mi yọ̀! Ọmọ tó ti fọwọ́ gbà ti lé ní igba. Jíìpù ló fi ń gun òkè lọ bá àwọn aboyún, irú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà. Bí méjì iwájú ò bá fà, ẹrẹ̀ orí òkè yẹn ò ṣeé gùn. Nítorí náà, ọjọ́ tí iwájú lápá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, oorun dá lójú mi.

Kó. Kó. Kó-kó.

A gbé e lọ bá mẹkáníìkì wa. Ó-ti-tán là ń pè é, torí ohun tó máa ń sọ nìyẹn kó tó nu ọwọ́. Ó pààrọ̀ béárìn. "Màmá, ó ti tán." A ò tíì dé oríta: kó, kó-kó. Ó pààrọ̀ irin tó ń darí táyà. "Ó ti tán." Irọ́ ni! Nígbà kẹta, ó ní etí àgbà ló ń hó.

"Etí ta ni?" Mo fò dìde. "Etí tí mo fi ń mọ èyí tó wúkọ́ nínú ọmọ méje láìtan iná? Ìwọ yìí, ẹnu ẹ dùn bí oyin, iṣẹ́ ẹ ò ṣeé jẹ!"

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti ọkùnrin náà. Ó ní kí ọmọ mi yí sítíárìn dé òpin, kó máa wà á pẹ̀lẹ́ yípo àgbàlá. Òun náà ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ etí sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Ó fi jáàkì gbé e sókè, ó di táyà mú lókè, ó dì í mú nísàlẹ̀, ó mì í. Kò yẹ̀. Ló bá tú táyà kúrò. Ó fa sáàfù, irin gígùn tó ń yí táyà, jáde, ó gbé e sórí àpò.

Ẹ́ńjìnnì ti kú. Táyà wà nílẹ̀. Sáàfù wà nílẹ̀. Kò sí ohun tó ń yí.

Kó.

Láti ibi tó ṣófo.

Kó-kó.

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Ó-ti-tán. "Màmá..."

"Mo gbọ́."

Ìbínú gùn mí. Mo bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. "Ta nìyẹn? A kì í kanlẹ̀kùn ká má wọlé, ká má sì padà lọ! Kúrò nídìí ọkọ̀ ọmọ mi!"

Ó dákẹ́.

Fóònù ọmọ mi dún. Obìnrin kan ti ń rọbí lórí òkè láti àárọ̀. Ọmọ mi ní kí mẹkáníìkì dá gbogbo ẹ̀ padà kíákíá. Ó dá a padà, ó wá dúró síwájú ọkọ̀.

"Ẹ má lọ, ẹ jọ̀ọ́. Kò tíì tán."

"Ẹ gbọ́ o!" Mo figbe ta. "Nígbà tí kò tán, o ní ó ti tán. Ó wá dákẹ́ tán, o ní kò tíì tán!"

A lọ. Èmi ni mo jókòó síwájú, n ò jẹ́ kó dá lọ. Parọ́rọ́ la gun òkè. Ọmọ mi gba ọmọbìnrin kan, ó pupa fòò, igbe rẹ̀ kún ilé. Ìyá yè, ọmọ yè.

À ń sọ̀ kalẹ̀ ni Ó-ti-tán pè mí.

"Màmá, ó ṣì wà níbí."

"Kí ni?"

"Ariwo yẹn. Nínú àgbàlá mi, lójú ibi tí táyà wà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ lásán ni, Màmá."

Mo gbọ́ ọ nínú fóònù. Kó. Kó. Kó-kó.

Ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́, ọmọ mi tẹ bíréèkì. Nínú fóònù, ìró náà falẹ̀. Ọmọ mi tú ẹsẹ̀, ìró náà yára. Ọmọ mi wò mí. Ó dá ọkọ̀ dúró.

Ó dákẹ́.

"Màmá," ohùn ọkùnrin náà ti lọ sílẹ̀, "ṣé ẹ ti dúró?"

Mo pa fóònù.

Oṣù mẹ́ta rèé. Bí ọmọ mi bá ti gbé jíìpù jáde, Ó-ti-tán á pè mí. "Màmá, wọ́n ti gbéra." "Màmá, wọ́n ti dé." Ariwo yẹn ló fi ń mọ̀, kò ṣì í rí. Mo máa ń bú u, pé ta ló fi í ṣe ọlọ́dẹ ọmọ mi. Àmọ́ ká sòótọ́, mo máa ń dúró de ìpè rẹ̀.

Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọmọ mi sùn lọ lórí àga mi, ó la ẹnu sílẹ̀. Jíìpù wà níwájú fèrèsé. Ó-ti-tán pè.

"Màmá, eré yìí pọ̀ o! Ẹ ní kí wọ́n rọra!"

"Eré wo? Ọmọ mi rèé. Ọkọ̀ rèé. Ṣé orí ẹ pé?"

Mo ń gbọ́ ariwo yẹn lẹ́yìn rẹ̀. Kókókókó.

"Màmá, ta ló wá ń wà á?"

Inú bí mi. Mo yọjú. Táyà òsì iwájú dúró jẹ́ẹ́. Nínú fóònù, ìró náà já lójijì, bí ẹni pé ọ̀nà tán lábẹ́ táyà.

Ìgbà náà ni fóònù ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí tábìlì. Orí òkè ni wọ́n ti ń pè. Mo na ọwọ́ kí n pa á. Kí n tó kàn án, ó ti lajú, ó ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà.