Omi Èèpo Kòkó Kíkẹ́lọmọ

Kíkẹ́lọmọ tan iná sí ìgò náà lẹ́ẹ̀kẹrin, ìgò kò dá a lóhùn. Irú iná tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó ayédèrú wò ni. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá yọrí, omi inú ìgò yẹ kó tàn búlúù. Ṣùgbọ́n dúdú ló dúdú bí omi àgbo.

Tíṣà Lawrence, olùkọ́ kẹ́mísìrì wọn ní Oǹdó, ló kọ́ ọ bí a ṣe ń yan èèpo kòkó gbígbẹ, tí a ó rẹ ẹ́ sómi, tí a ó sì sẹ́ ẹ. Àwọn èérún tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní kúáńtọ́mù dọ́ọ̀tì, ni yóò máa tàn nínú omi náà. Àmọ́ ọdún náà le. Gáàsì ti kọjá agbára ìyá rẹ̀, èédú ni wọ́n ń lò, iná èédú kò sì gbọ́ràn. Èèpo kòkó jóná. Ọ̀la ni ìdíje sáyẹ́ǹsì ní Àkúrẹ́, ẹni tó bá gbégbá orókè yóò kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní yunifásítì. Kíkẹ́lọmọ kò ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbé e débẹ̀.

Bó ṣe fẹ́ paná ni ìmọ́lẹ̀ bà lé yunifọ́ọ̀mù funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kọ́là rẹ̀ tàn búlúù yòò! Ọṣẹ ìfọṣọ ni. Ọmọbìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó da omi dúdú náà nù ku díẹ̀, ó bu omi là á, ó sì ro ọṣẹ ṣíbí kan mọ́ ọn.

Ní Àkúrẹ́, ìgò rẹ̀ tàn, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu Tíṣà. Dókítà Àtinúkẹ́, adájọ́ ìdíje, tí irú èérún bẹ́ẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, gba ìgò náà.

"Iná wo lo fi yan án?"

"Gáàsì ni, mà. Mo rọra ń ṣọ́ ọ."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Kíkẹ́lọmọ kò tó ogún ìṣẹ́jú. Dókítà mi ìgò náà jìgìjìgì, ìhó funfun sì ru dé ọrùn ìgò.

"Ṣé bí kòkó Oǹdó ṣe ń hó nìyí?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Kí Kíkẹ́lọmọ tó lanu, Tíṣà Lawrence ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ forí jì wá, mà. Èmi ni mo fọ ìgò yẹn, bóyá n kò ṣàn án dáadáa. Ọmọ yìí kì í purọ́."

Àgbàlagbà olórí ewú, níwájú ẹni tí kò ju àkọ́bí rẹ̀ lọ! Ojú ti Kíkẹ́lọmọ dé egungun. Ó kúnlẹ̀ gbì.

"Ọṣẹ ni mo fi sí i, sà. Èèpo kòkó mi jóná."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Dókítà fa Tíṣà dìde, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọmọbìnrin náà. "Ká ní èyí tó jóná lo gbé wá, ǹ bá bi ọ́ bí iná ṣe le tó, a ó sì jọ wá àtúnṣe. Ọdún méjì gbáko ni tèmi fi ń bàjẹ́. Kí ni kí n wá fi irọ́ ṣe?"

Wọ́n pa orúkọ Kíkẹ́lọmọ rẹ́ nínú ìdíje. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà sí Oǹdó, Tíṣà kò bá a wí. Ó kàn ń gbọn eruku ilẹ̀ gbọ̀ngàn kúrò láyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Sà, ẹ nà mí."

"N kò bínú pé kòkó jóná," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n mo ní ọmọ yìí kì í purọ́. Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ."

Kíkẹ́lọmọ sunkún dé Oǹdó. Ó ti yé e wàyí: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ lè tún un ṣe lọ́la, ṣùgbọ́n ẹni tó bá purọ́ a máa ba orúkọ ẹni tó fọkàn tán an jẹ́ mọ́ tirẹ̀.