Ọmọ Ogun Tó Ru Igi Wọ Ọkọ̀ Òfuurufú

Igi ò hù rí ní Ìlú Òṣùpá, àní koríko gan-an ò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, ní apá kẹrin eré ológun tí gbogbo ìlú ń wò, ọmọ ogun kan ru ìdì igi ìdáná wọ inú ọkọ̀ òfuurufú!

Àṣàbí fò sókè, ó pàtẹ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣọ́ àṣìṣe eré yìí, kó sì máa fi í dá ìlú lẹ́rìn-ín. Òun ló rí i pé apá òsì ni ọta ti ba ọ̀gágun, apá ọ̀tún ni wọ́n wá di ní báńdéèjì. Ṣùgbọ́n tòní kọjá bẹ́ẹ̀: ọta ti gbé ọmọ ogun tó ru igi yìí ṣánlẹ̀ ní apá kejì, kò sì dìde mọ́!

"Bàbá, ẹ wá wo òkú tó fẹ́ dáná!"

Bàbá Táíwò, tó bí ìyá rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Kò mójú kúrò lára ọmọ ogun náà lórí ògiri tí eré ń hàn sí. "Mo rí i," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ó ti dé."

Ìrántí Bàbá ni eré náà. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Asọ̀rántíderé ló ń fa ogun tí Bàbá jà léwe jáde láti orí rẹ̀. Okùn tíńrín kan ló so àwọn méjèèjì pọ̀, ohun tí ẹ̀rọ bá sì bá níbẹ̀ ló ń fi ṣeré.

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà Láoyè tó ṣe ẹ̀rọ náà dé, ó fajú ro. Àwàdà Àṣàbí ti tàn kálẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ọkùnrin yìí? Mo tú ẹ̀rọ palẹ̀, n kò rí àléébù. Ibi tó yẹ kí ikú rẹ̀ wà nínú ìrántí yín, 'Ó lọ ṣẹ́gi' ni mo bá níbẹ̀."

"Ó lọ ṣẹ́gi náà ni. Ṣé ó wá burú kó dé?"

"Gbogbo ìlú ló ń fi mí ṣẹ̀sín!"

"Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín wọn. Àádọ́ta ọdún ni mo fi retí rẹ̀, àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Ẹ̀rín ń pa Àṣàbí. "Ẹ̀yin Dókítà, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí ẹ kà yẹn! Kẹ́hìndé Bàbá mà ni. A kì í sọ pé ìbejì kú, a máa ń ní ó lọ ṣẹ́gi. Ó kú ni!"

"Àṣàbí! Panu mọ́!"

Ẹyin ti bọ́, ó ti fọ́. Láoyè ti tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú awo ọwọ́ rẹ̀ tó fi ń darí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kùn yùn-ùn, ó ń tún apá kẹrin ṣe. Ọmọ ogun náà pòórá lára ògiri, tòun ti igi rẹ̀. Ogún ọkùnrin tó tò di mọ́kàndínlógún, kò sì sí àlàfo láàárín wọn. Nígbà náà ni okùn tíńrín náà tàn yanran, láti ara ẹ̀rọ dé orí Bàbá. Okùn tó ń gbé nǹkan jáde lórí Bàbá lè gbé àtúnṣe padà síbẹ̀. Láoyè kò ronú kan èyí.

"Ó ti tọ́ báyìí," ni ó wí.

Bàbá ṣẹ́jú. "Àṣàbí, kí ló dé tí wọ́n ń pè mí ní Táíwò? Ta ló kẹ́yìn mi dé?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Àṣàbí. Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ Bàbá mú.

"Kẹ́hìndé ni, Bàbá. Ó lọ ṣẹ́gi."

Bàbá yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ní Òṣùpá níbí, tí kò sígi? Á pẹ́ kó tó dé."