Àlàngbá Àyà Akínladé

Nígbà tí Akínladé bọ́ ẹ̀wù láti wẹ̀, bùjé tó wà láyà rẹ̀ ni Àṣìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ wò. Ó dúdú kirikiri bí ẹni pé àná ni wọ́n kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀, ó ti pé ọjọ́ mẹ́tàlélógún.

Àṣìkẹ́ fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Igi bùjé kan wà lẹ́yìnkùlé wọn ní Igbógìlà, igi kúkurú tí wọ́n ń já ewé rẹ̀ ṣe àgbo, tí wọ́n sì ń fi oje èso rẹ̀ fín ara lóge. Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń lọ ra ìrẹsì ní Ìgòlò, ní òdìkejì bọ́dà, Àṣìkẹ́ fi oje náà kọ àlàngbá kékeré sí i láyà, kí obìnrin yòówù tó bá ṣí ẹ̀wù rẹ̀ lè mọ̀ pé ọkọ ọlọ́kọ nìyí. Dinah tó ń ta búrẹ́dì ní Ìgòlò ló ń bá wí. Wọ́n ti fi orúkọ obìnrin yẹn bà á lọ́kàn jẹ́ tó.

"Bùjé kì í lò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ," ló sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ padà kó tó parẹ́." Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ìjọba ti bọ́dà pa.

"Ta ló tún un kọ?" ó bi í báyìí.

"Ìwọ náà lo kọ ọ́."

"Ọkọ mi, ojú mi ò fọ́."

Akínladé fa garawa omi mọ́ra. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, gbogbo ará àdúgbò ló gbé ẹ̀wù òtútù wọ̀, àmọ́ ó da omi tútù sára, kò gbọ̀n.

"Báwo lẹ ṣe kọjá? Wọ́n ní wọn ò jẹ́ kí eṣinṣin pàápàá kọjá."

"Kò sẹ́ni tó rí mi."

Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, Àṣìkẹ́ ò sì ní ẹyọ kan. Gbogbo ohun tó rí ló fi ń gbá Dinah mú. Ọkọ rẹ̀ kì í jẹ ju òkèlè méjì lọ: Dinah ti bọ́ ọ yó. Ọwọ́ rẹ̀ tutù: Dinah ti gba ọkàn rẹ̀. Ewúrẹ́ ilé ń sá fún un, òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ kò sì kúrò lára aṣọ rẹ̀ bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Àṣìkẹ́ ní oògùn obìnrin yẹn ni. Lọ́jọ́ kẹta tí ọkọ rẹ̀ dé, ó di ọ̀já mọ́dìí fún ìjà, ó gun ọ̀kadà dé Ìdí-Ìrókò, ó sì gba ọ̀nà inú igbó wọ Ìgòlò.

Dinah jókòó sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ dúdú ló wọ̀.

"Ìwọ ni Àṣìkẹ́," ló wí. "A ránṣẹ́ títí, gbogbo ẹni tá a rán ni wọ́n dá padà ní bọ́dà."

Ó mú un lọ sẹ́yìn ilé. Òkìtì ilẹ̀ pupa kan wà níbẹ̀, koríko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lórí rẹ̀. Ibà ló pa Akínladé, Dinah ní, lọ́jọ́ kẹrin tó dé.

"Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Mo ha àlàngbá yẹn títí, kò ṣí. Ara tó wà láàyè ló ń lé bùjé kúrò."

Àṣìkẹ́ ní, "Ó wà nílé mi. Ọjọ́ kẹta rèé."

Dinah kò ké. Ohun tó yọ lójú rẹ̀, Àṣìkẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa.

"Ó wá bá ẹ? Èmi tí mo tọ́jú ẹ̀, tí mò ń sùn ti sàárè ẹ̀, kò wá bá mi rí."

Inú Àṣìkẹ́ dùn. Kí Ọlọ́run dárí jì í, inú rẹ̀ dùn níwájú sàárè ọkọ rẹ̀.

"Akúdàáyà ni," Dinah sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Lọ́jọ́ tó bá mọ̀ pé o ti mọ̀, á lọ. Ó sì lè yà sọ́dọ̀ mi."

Nígbà tí Àṣìkẹ́ délé, ọkọ rẹ̀ jókòó nídìí bùjé.

"Ibo lo lọ?"

"Ọjà ni." Ó já èso kan, ó fún oje rẹ̀ sínú igbá, ó sì ṣí àyà rẹ̀. "Ẹ kọ tèmi náà."

Akínladé sún mọ́ ọn. "Kí ló dé?"

"Kí wọ́n lè mọ̀ níbikíbi tẹ́ ẹ bá ń lọ pé èmi ni mo ni yín."

Ìka tó fi kọ ọ́ tutù bí inú àmù.

Ọjọ́ kẹsàn-án kọjá. Lọ́jọ́ kẹwàá, Àṣìkẹ́ fi kànìnkànìn ha àyà rẹ̀, àlàngbá náà ń dán. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìfẹ́ ni. Ìgbà náà ni Ìyá Kòkúmọ́, aládùúgbò wọn, kágò lẹ́nu ọ̀nà.

"Àgò yà!" Àṣìkẹ́ dáhùn, ó jáde sí i.

Obìnrin náà tún kágò lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo ibi tí Àṣìkẹ́ dúró sí gan-an bí ẹni tí kò rí ẹnì kankan, ó wo ìdí bùjé, ó mi orí.

"Ọjọ́ kẹwàá rèé tí Àṣìkẹ́ ti lọ sí bọ́dà," ló wí, "kò tíì dé." Ó sì tú okùn ewúrẹ́ wọn, ó fà á lọ sílé ara rẹ̀ kí ebi má baà pa á.