Àwo Tó Mọ́ Jù

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé bàsíà yẹn kúrò níbẹ̀ kí n tó wọlé!"

Ẹnu ọ̀nà ni Afínjú dúró sí tó ń pariwo bẹ́ẹ̀. Àpò ìwé rẹ̀ ṣì wà léjìká, ó sì ti fi ìka méjì fún imú rẹ̀ pa. Bàbá rẹ̀ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ kan di iwájú orí ìyàwó rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ kejì gbé bàsíà sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Obìnrin náà bì, ó sinmi, ó tún bì. Oúnjẹ ti tán nínú ohun tó ń jáde. Omi kíkorò aláwọ̀ ewé ló kù, ó ń fà bí itọ́ ìgbín. Nígbà tó parí, ọkọ rẹ̀ fi aṣọ tútù nù ún lẹ́nu.

"Arẹwà, o kú iṣẹ́," ló wí.

"Iṣẹ́ wo?" Ẹ̀rín fẹ́ yọ lójú obìnrin náà.

"Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ ni? Bíríkìlà ń gbé búlọ́ọ̀kù sókè, ìwọ ń gbé ìfun sókè. Ta ni tirẹ̀ le jù?"

Afínjú kò rí ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ó fẹ̀gbẹ́ rìn kọjá bí ẹni tó ń yẹ ẹrọ̀fọ̀, ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ohun ìríra pọ̀ nínú ìtàn yìí, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó gbé oúnjẹ rẹ̀ tì ná.

Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá Afínjú, torí iṣẹ́ ìfọṣọ ló ń ṣe. Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń lọ aṣọ fún un kí àrùn jẹjẹrẹ tó mú un lọ́yàn. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà ní ó kù kó máa gba oògùn kan sára lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Inú àpò tí wọ́n gbé kọ́ sókè ni oògùn yìí ti ń kán wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ń lé àrùn, àmọ́ ó ti mú kí irun orí rẹ̀ re tán, ó sì ń da inú rẹ̀ rú. Ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lọ gbà á, Alágbàfọ̀ á fi sitáàṣì sí aṣọ ìyàwó rẹ̀, á sì lọ̀ ọ́ títí tí etí aṣọ náà á fi mú bí abẹ. "Ẹni tó ń lọ sójú ogun kì í wọ àkísà," bó ṣe máa ń sọ nìyẹn.

Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí rèé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí wọ́n ń pè ní Afínjú torí pé kì í mu omi nínú ife tí kò bá fọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀. Ìmọ́tótó dára, ta ló ní kò dára? Àmọ́ ti ọmọ yìí ti kọjá ọṣẹ àti omi, ó ti ń di ìgbéraga.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ẹ̀gbọ́n Alágbàfọ̀ wá wò wọ́n. Lọ́fínńdà ni wọ́n ń pe obìnrin náà, torí òórùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, kì í sì í bá a jáde tó bá ń lọ. Kò jókòó. Ó wo àga, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n sá sórí okùn, ó sì fi áńkáṣífù bo imú.

"Àbúrò mi, ẹ ní àrùn yìí kì í ràn. Tí kì í bá ràn, ìbọ̀wọ́ kí wá nìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ràn o. Oògùn yẹn ló le. Ó máa ń bá èébì àti ìtọ̀ jáde fún ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn tó bá gbà á. Ìyẹn ni nọ́ọ̀sì fi ní ká máa wọ ìbọ̀wọ́ tá a bá ń fọ aṣọ rẹ̀. Ẹ lè dì mọ́ ọn, ẹ lè jókòó bá a jẹun."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Obìnrin náà fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. "Àti pé tí ìgbàgbọ́ yín bá dúró, kí lẹ tún ń wá lọ sí ọsibítù? Èmi ń gbàdúrà fún ìyàwó wa lójoojúmọ́, láti ilé mi."

Láti ilé rẹ̀! Àdúrà tó fi áńkáṣífù bo imú. Iwájú aláìsàn ni wọ́n sì ti ń sọ gbogbo rẹ̀, bí ẹni pé igi gẹdú ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀ tí kò létí.

"Èmi náà ń gbàdúrà," ni Alágbàfọ̀ wí. "Kí n tó tan ẹ̀rọ ìfọṣọ láàárọ̀ ni mo ti ń gbà á. Ọlọ́run tí mò ń bẹ̀ ló fún dókítà lọ́pọlọ. Tí mo bá wá ní kí Ọlọ́run máa bá mi gbé bàsíà, ìgbàgbọ́ kọ́ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Ìmẹ́lẹ́ ni."

Lọ́fínńdà pòṣé, ó jáde. Ó fa Afínjú mọ́ra lẹ́nu géètì.

"Ọmọ mi, ìwọ tó o mọ́ báyìí, báwo lo ṣe ń gbé nínú òórùn yìí? Ya àwo rẹ sọ́tọ̀, ya ife rẹ sọ́tọ̀. Tó o bá ti ṣe ìdánwò àṣejáde tán, kó ẹrù rẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ilé mi kì í rùn."

Ọmọ tó ti ń wá ibi tó máa sá sí, ohun tó ń fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn.

Tẹ́lẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń yí àwo ńlá kan ká lórí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, wọ́n á jẹun, bàbá rẹ̀ á máa dá àpárá. Láti ọjọ́ náà, Afínjú bu oúnjẹ tirẹ̀ sínú àwo tuntun, ó lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láàárín aṣọ àwọn oníbàárà.

"Afínjú, ṣé o ò bá wa jẹun mọ́ ni?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

"Mo fẹ́ kàwé ni, mà."

Irọ́ ni. Ìgbà tó sì ń gbé oúnjẹ fún ìyá rẹ̀, orí ìka ló fi ń tì í síwájú, á sì yára nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. Ìyá rẹ̀ rí i. Ara aláìsàn ló rẹ̀, ojú rẹ̀ ń ríran.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. "Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín, màá máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀," ni ìyá rẹ̀ máa ń sọ fún ọkọ rẹ̀. Tí ọkùnrin náà bá padà wọlé, àwo á ti mọ́ tónítóní. Èébì dín kù. Alágbàfọ̀ á gbé àwo òfìfo náà sókè, á jó yípo yàrá. "Olúwa, ẹ ṣeun! Oúnjẹ ti ń dúró níkùn ìyàwó mi!" Inú Afínjú náà dùn. Kò kúkú rí bàsíà mọ́.

Ọjọ́ ọsibítù pé. Nọ́ọ̀sì gbé ìyá Afínjú sórí ìwọ̀n, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì mi orí.

"A ò lè fún un ní oògùn lónìí. Ó ti rù jù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. Ṣé kò jẹun ni?"

"Ó ń jẹun o! Àwo rẹ̀ máa ń mọ́ bí èyí tí wọ́n fọ̀!" ni Alágbàfọ̀ wí.

"Ẹ lọ tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má jẹ́ kó tún fà sẹ́yìn o. Tá a bá ń dá oògùn yìí dúró, ńṣe ni àrùn náà á ráyè gbérí."

Alágbàfọ̀ kò lè dá àpárá kankan títí wọ́n fi délé.

Ní ọjọ́ kejì, Afínjú ti ilé ìwé dé, ó sì tún di imú mú. "Bàbá, ilé yìí ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Màmá ni. Ẹ bá mi wẹ̀ wọ́n."

Ó sọ ọ́ létí ìyá rẹ̀. Obìnrin náà kọjú sí ògiri.

"Mo wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀," ni bàbá rẹ̀ wí. Ó fa òórùn náà símú. Ẹni tó ti ń fọ aṣọ ẹlẹ́gbin látìgbà èwe mọ òórùn yà sọ́tọ̀. "Èyí kì í ṣe òórùn èèyàn. Oúnjẹ ló bà jẹ́ níbì kan. Wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Afínjú bẹ̀rẹ̀, ó fa àpótí aṣọ tó wà níbẹ̀ jáde. Lẹ́yìn àpótí náà ni ó ti rí ọ̀rá, ọ̀kan lórí èkejì, tí wọ́n dì lẹ́nu pinpin. Bó ṣe fa èyí tó wà lókè, ó bẹ́. Ìrẹsì tó ti hu irun ewú dà sí i lọ́wọ́, pẹ̀lú ẹja tó ti yọ́ di omi dúdú. Ìdin ń rá pálapàla nínú rẹ̀. Wọ́n gun ìka rẹ̀, wọ́n forí lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó pariwo, ó gbọn ọwọ́. Ó bì sórí aṣọ ilé ìwé rẹ̀, ó bì sílẹ̀, ó bì sára bẹ́ẹ̀dì.

Kí bàbá rẹ̀ tó débẹ̀, ọwọ́ kan ti di iwájú orí rẹ̀ mú. Ìyá rẹ̀ ni. Obìnrin tí kò lè dá dìde láti àárọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú èébì náà, ó ń fi gèlè orí rẹ̀ nu ẹnu ọmọ rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Bì í dànù. Pẹ̀lẹ́."

"Arẹwà, kí ló dé tó o fi ṣe báyìí?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

Obìnrin náà kò wò ó. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò. "Mo rí bó o ṣe ń wò mí. Mo ní tí mi ò bá jẹun, mi ò ní bì. Tí mi ò bá bì, bóyá wàá padà wá jókòó tì mí."

Alágbàfọ̀ jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Ó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ebi tó ń pa ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Afínjú.

"Kò sí aṣọ tí ọwọ́ mi ò tíì kàn. Mo ti fọ ẹ̀jẹ̀, mo ti fọ ìgbẹ́, mo ti fọ aṣọ tí ọ̀mùtípara sùn mọ́jú nínú gọ́tà. Mi ò di imú sí èyíkéyìí rí. Ṣùgbọ́n ohun tó o ṣe sí ìyá rẹ yìí, ó rí mi lára."

Afínjú nìkan ló kó àwọn ọ̀rá náà dànù, ó gbá ìdin, ó fọ ilẹ̀, ó sì fọ aṣọ ìyá rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Nígbà tó di àsìkò oúnjẹ, ó mú ṣíbí méjì, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé àwo kan ṣoṣo sáàárín wọn.

"Ẹ̀kan tiyín, ẹ̀kan tèmi, mà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bì, ẹ bì. Mo wà níbí."

Ìyá rẹ̀ jẹun. Ó sì bì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìfẹ́ máa ń mú kí èébì ta sánsán, irọ́ ló ń pa. Ó ń rùn. Gbogbo ara Afínjú ṣẹ́ gììrì, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ ó di bàsíà mú títí ìyá rẹ̀ fi parí. Ó dà á nù, ó fọwọ́, ó padà wá bu oúnjẹ míì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí ọ̀sẹ̀ fi yí po. Nígbà tí Lọ́fínńdà pè é lórí fóònù pé ṣé ó ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Mi ò wá mọ́. Ẹ wá sọ́dọ̀ wa, kẹ́ ẹ wá bá wọn jókòó." Obìnrin náà ní òun ń gbàdúrà.

Ní ọjọ́ tí wọ́n padà sí ọsibítù, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ. Aṣọ funfun ni Afínjú wọ̀. Kí wọ́n tó dé ibi tí nọ́ọ̀sì wà, òórùn oògùn tó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ti wọ ìyá rẹ̀ nímú, ó sì fẹ́ bì. Bàsíà ò sí nítòsí. Afínjú ká iwájú aṣọ funfun náà sókè, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹnu ìyá rẹ̀, ó sì gba gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, gbígbóná, kíkan.

Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù lórí bẹ́ǹṣì sún sẹ́yìn tìkà-tẹ̀gbin. "Irú ẹ̀gbin wo rèé? Ẹ ò lè gbé e lọ síta ni?"

Afínjú gbójú sókè. Ó rí ìka méjì tí ọkùnrin náà fi fún imú rẹ̀ pa, ojú sì tì í fún un.

"Ìyá mi ni, sà," ló wí.

Nọ́ọ̀sì pè wọ́n wọlé. Ó wọn ìyá Afínjú, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpò oògùn kọ́. Kò sẹ́ni tó tíì mọ ibi tí àìsàn náà máa já sí, oògùn ṣì kù tí wọ́n máa gbà. Alágbàfọ̀ di ọwọ́ ọ̀tún ìyàwó rẹ̀ mú, ó pa ojú dé, ètè rẹ̀ ń mì pẹ̀lú àdúrà. Ọmọ wọn di ọwọ́ òsì mú, pẹ̀lú aṣọ rírùn lára.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ara gbogbo wa ló lè rùn, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí ẹnì kan máa gbé bàsíà fún yín. Àìsàn kì í ṣe ẹ̀gbin. Ẹ̀gbin ni kí èèyàn fi ojú ìríra wo aláìsàn títí tí yóò fi gbà pé ó sàn kí ebi pa òun ju kí òun ni wá lára lọ. Ẹ máa gbàdúrà, ẹ ní ìrètí, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í.