Bíréèkì Tí Beke Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Pààrọ̀

Gbàù! Gbàù!

Ìbọn dún lẹ́ẹ̀mejì nínú ilé ìpààrọ̀ owó tó wà lórí òkè, lókè ìlú Almaty. Ọ̀sán gangan ni! Àwọn tó wá fi pátákó yọ̀ lórí yìnyín nà gbalaja sílẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ wọn wúwo débi pé wọn ò lè sá.

Níta, Tolegen jókòó sídìí ọkọ̀ eré pupa kan. Òun ni awakọ̀ àwọn ọlọ́ṣà tó ń jalè nínú ilé náà. Kì í ṣe ọlọ́pàá ló ń rò. Bíréèkì ló ń rò.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀, kọ́nà méjìlélógún ló sì ní. Lọ́la ni ọmọbìnrin rẹ̀ máa pé ogójì ọjọ́, tí wọ́n máa fi ṣíbí bu omi sí i lára nígbà ogójì, bí àṣà wọn. Ó ti búra fún Botagoz ìyàwó rẹ̀ pé òun á wà ńbẹ̀. Kó ṣáà délé láàyè, ìyẹn nìkan ló ń wá.

Mẹkáníìkì ti kìlọ̀ fún wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Ẹ́ńjìnnì yìí lágbára. Ṣùgbọ́n bíréèkì rẹ̀, ti ẹni tó ń lọ sọ́jà ni. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó tóbi sí i. Tí eléyìí bá gbóná lórí òkè, kò ní í gbọ́ tiyín mọ́."

Beke, ọ̀gá wọn, bú sẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlá ló fi gun ẹṣin nínú eré tí wọ́n ti ń du òkú ewúrẹ́.

"Tolegen, ṣé o ti rí ẹni tó gẹṣin jáde tó ń ro bó ṣe máa dúró? Ẹni tó bá ń ro ìdúró, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹṣin máa ń rí ọ̀gbun. Mọ́tò ò lójú."

"Pa ẹnu ẹ mọ́! Ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Lọ́dọ̀ wa, ọmọdé kì í já àgbà níyàn lẹ́ẹ̀mejì. Beke fi owó bíréèkì ra tírà lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan, ó so ó kọ́ díńgí iwájú. Wọ́n tún fi èéfín ewé fín mọ́tò náà títí mẹkáníìkì fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

Gbàgà! Lórí òkè, níwájú ilé ìpààrọ̀ owó, ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí. Beke bọ́ síwájú. Zhasulan, ẹnì kẹta wọn, kó sẹ́yìn tòun ti àpò owó.

"Wà á, àbúrò! Wà á!"

Kíríììì! Fùùùùn!

Ọkọ̀ ọlọ́pàá kan yọ lẹ́yìn wọn. Ògbólógbòó ni, kí-kí-kí ló ń dún. Sájẹ́ǹtì tó ń wà á fi sí jíà kejì, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́.

Zhasulan yọrí síta. "Ṣé mọ́tò lo wà yẹn àbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́? Wá mú wa!" Gbàù! Gbàù! Òkúta ni ìbọn rẹ̀ bà.

Ní kọ́nà kẹjọ, òórùn kan kún inú ọkọ̀.

"Kí ló ń rùn?" Beke bèèrè.

"Bíréèkì ni, ẹ̀gbọ́n."

"Tírà wà ńbẹ̀."

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n."

Ní kọ́nà kẹtàlá, Tolegen tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rì kanlẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Bákan náà ni. Ó fà á sí jíà kékeré, ẹ́ńjìnnì figbe ta, eré ò dínkù.

"Kò dúró mọ́ o!"

"Ta ló ní kó dúró?"

Níwájú, lápá òsì, ni wọ́n ti la ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ kan gòkè fún ọkọ̀ akẹ́rù tí bíréèkì rẹ̀ bá já. Ọ̀nà náà ò lọ síbì kankan. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀, ọlọ́pàá á wá bá a ńbẹ̀ ni.

Beke náà rí i. Ó fi ẹnu ìbọn ti etí Tolegen.

"Bó o bá yà síbẹ̀, màá fọ́ orí ẹ!"

Tírà ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún. Tolegen rò ó wò. Bó bá yà, ẹ̀wọ̀n ni. Bí kò bá yà, kọ́nà kẹrìnlá ni. Ẹ̀wọ̀n ní ọjọ́ tí wọ́n ń wá wo èèyàn.

"Ẹ yìnbọn, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá mi di ọwọ́ mọ́tò mú."

Beke wo ọwọ́ mọ́tò. Ó wo ọ̀gbun. Ẹṣin nìkan ló mọ̀ ọ́n gùn láyé rẹ̀. Ó rọra gbé ìbọn sórí itan.

Tolegen yà!

Wàràwàrà! Gbirigbiri! Òkúta ń lu ìdí mọ́tò, eruku bo gbogbo wọn. Mọ́tò gòkè, ó gòkè, ó rì, ó dúró.

"Ṣé a ti kú ni?" Zhasulan bèèrè lẹ́yìn.

"Rárá," Tolegen dáhùn.

"Wọ́n á mú wa nìyẹn."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọkọ̀ ọlọ́pàá tó ń dún kí-kí-kí tó dé. Sájẹ́ǹtì kó ìbọn wọn, ó fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹsẹ̀ mọ́tò tó pọ́n bí ẹ̀yinná.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ má pààrọ̀ bíréèkì yìí?"

Tolegen ò sọ̀rọ̀. Àgbà ṣì ni àgbà, bó tilẹ̀ wà nínú ṣẹkẹṣẹkẹ.

"Èmi ni," Beke sọ, ó ń wolẹ̀. "Àbúrò mi yìí sọ fún mi. Mi ò gbọ́."

Tolegen bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun pe ilé. Sájẹ́ǹtì bá a tẹ nọ́ńbà, ó gbé fóònù sí i létí.

"Botagoz, mi ò ní lè wá lọ́la. Wọ́n ti mú mi."

"Ṣé ara yín pé?"

"Ara mi pé."

"Ẹ sọ ibi tí wọ́n ń gbé yín lọ. Màá gbé ọmọ wá kẹ́ ẹ rí i."

Tolegen sunkún. Sájẹ́ǹtì yíjú sí òdìkejì, ó ń wo òkè, kò sì gba fóònù náà kúrò létí rẹ̀.