Orúkọ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Pa Rẹ́

Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, inú sì ti bí mi kí ẹ̀rù tó bà mí. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí a ti sin wọ́n. Èmi ni mo gba iṣẹ́ wọn ní ilé ìwòsàn yìí, èmi náà ni mo sì pa orúkọ tí wọ́n fi ń wọlé rẹ́ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà wa.

Linux, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni kọ̀ǹpútà tí mo ti rí orúkọ náà ń lò. Òun ló ń ṣọ́ èémí àwọn aláìsàn wọ́ọ̀dù kejì. Bí èémí ẹnikẹ́ni bá ń lọlẹ̀, agogo á dún létí nọ́ọ̀sì. Àmọ́ ó máa ń wá àtúnṣe ètò rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ara rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá gbà á tán, á kú, á tún tan ara rẹ̀, ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko ni kò sì ní ṣọ́ ẹnì kankan. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ títí ẹnu wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, pé kí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn jẹ́ kí àwọn máa fọwọ́ ṣe é nígbà tí nọ́ọ̀sì bá jókòó ti àwọn aláìsàn. Ọ̀gá àgbà ní ẹ̀rọ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe kò nílò alágbàtọ́. Nígbà tí àìsàn dá ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin, inú ìṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn ni wọ́n kú sí. Ọ̀gá àgbà wá kí wa nílé, ó ní àsìkò ló tó. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè pè é ní “wọn” mọ́.

Ọjọ́ tí mo gbaṣẹ́ ni mo ti dá àtúnṣe náà dúró, mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ní Ìṣẹ́gun yìí, ẹnì kan ti tú u sílẹ̀. Àtúnṣe tí kọ̀ǹpútà bá dá ṣe kì í ní orúkọ ẹni tó bèèrè fún un, eléyìí ní. Mo gbà pé ẹnì kan ń fi òkú ẹbí mi ṣeré, mo sì fi ìbínú lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó búra pé kò sẹ́ni tó débẹ̀, àfi pé nígbà tí òun ń nu àga ìdí kọ̀ǹpútà, àga náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Alẹ́ àná ni wọ́n gbé ọ̀gá àgbà wá. Bẹ́ẹ̀dì kẹrin ni wọ́n wà.”

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun máa kú, òun á sì tún tàn, ní aago méjìlá. Ó ku ogún ìṣẹ́jú. Mo dá a dúró. Lójú mi báyìí, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tú u sílẹ̀. Ìka kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi tẹ lẹ́tà nígbà tí wọ́n wà láyé. Mo tún dá a dúró. Wọ́n tún tú u. Bí mo ṣe nawọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ni lẹ́tà náà kọ, kì í ṣe àṣẹ:

“Àbúrò mi, gbé ọwọ́ kúrò.”

Látibi tí mo wà, mò ń rí ẹsẹ̀ ọ̀gá àgbà lábẹ́ aṣọ ìbora. Nọ́ọ̀sì jókòó tì í, ó ń ka ìwọ̀n èémí rẹ̀ sínú ìwé. Bí nọ́ọ̀sì bá wà níbẹ̀, agogo kì báà má dún, kò séwu.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan kí aago méjìlá lù, mo pe nọ́ọ̀sì. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó wá bá mi wá bébà ní yàrá ìkẹ́rùsí. Ó dìde, ó tẹ̀ lé mi.